Owó ẹgbẹ́ ti délẹ̀, ti ìjọba dà?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná! Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bá dáwó sí iṣẹ́ kan, tí ìjọba ní òun á ṣe tòun, tí ìjọba wá falẹ̀, ta ló ń jìyà rẹ̀? Ẹni tó gba owó ọjà sọ́wọ́ ni!

Ọ̀rọ̀ tó kan irú ìlú bí Ìpotì-Èkìtì nìyí, tí ìwé wọn gbọ́dọ̀ gba ìjọba ìbílẹ̀ kọjá ní Ìjerò kó tó dé Adó-Èkìtì. Ní 2009 ni ètò CSDP bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Báńkì Àgbáyé ló yáni lówó rẹ̀, Èkìtì sì wà níbẹ̀. Ètò náà dára. Ìlú fúnra wọn ló ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n: omi ni o, ilé ìwòsàn ni o. Wọ́n á yan ìgbìmọ̀, wọ́n á ṣí àkáǹtì ní báńkì, wọ́n á sì dá ìdá kan nínú mẹ́wàá. Iṣẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, mílíọ̀nù 1 dọwọ́ ìlú nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù ń wọlé.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní owó tirẹ̀ tó yẹ kó gbé kalẹ̀. Bó bá pẹ́, sìmẹ́ńtì ò ní dúró dè é. Owó tó lè ra 100 àpò lánàá lè má ra 60 mọ́. Ìyálọ́jà ò lè máa sọ lójoojúmọ́ pé Adó ò tíì fèsì. Wọ́n á ní ó ti jẹ ẹ́!

Ìjọba tún ń pààrọ̀. Láàárín 2010 sí 2022, Fáyẹmí, Fáyóṣé, Fáyẹmí lẹ́ẹ̀kan sí i, àti Oyèbánjí ló gorí àga. Ọ̀gá tẹ́ ẹ bá ṣàdéhùn lè ti lọ. Ẹni tuntun á ní kẹ́ ẹ tún mú ìwé wá.

Lẹ́yìn tí àrùn kòrónà dé, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò NG-CARES ní December 2020. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ náwó, kí wọ́n tó dá a padà fún un. Bí àpò ìpínlẹ̀ bá gbẹ, ìlú á máa retí.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìwé ni! Kí ẹgbẹ́ gba rìsíìtì, kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọjà. Òfin 2011 sọ pé ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba, láìsọ ìdí, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ 7. Èkìtì ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ di òfin tirẹ̀, lọ́dún yẹn kan náà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé wà lọ́wọ́ náà, kí olóòótọ́ má bàa jẹ orúkọ olè nítorí ọ̀lẹ ọ́fíìsì.