Ibùdókọ̀ Rélùwéè Tó Ta Òfúrufú Tún Òrùlé Ṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Òwe yìí ló wá sí wa lọ́kàn bí a ti fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa nípa ibùdókọ̀ rélùwéè ìlú Tokyo, ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù.

Oṣù Kejìlá ọdún 1914 ni wọ́n ṣí i. Tatsuno Kingo ló ya àwòrán rẹ̀: ilé bíríkì pupa alájà mẹ́ta, tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 300, tó ní òrùlé méjì tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìsẹ̀lẹ̀ ńlá ọdún 1923 ba ọ̀pọ̀ ilé Tokyo jẹ́, àmọ́ ibùdókọ̀ náà dúró gbọin. Ogun Àgbáyé Kejì ni kò jẹ́ kó lọ láìfarapa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, bọ́ǹbù sọ iná sí i. Òrùlé jóná, àjà kẹta bàjẹ́.

Ogun parí, owó kò sí. Wọ́n yọ àjà kẹta kúrò, wọ́n sì fi òrùlé onígun rọ́pò àwọn òrùlé igbá. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè é. Ìgbà díẹ̀ ọ̀hún lé ní ọgọ́ta ọdún! Síbẹ̀, ọkọ̀ kò yéé lọ, kò yéé bọ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n wó ilé náà, kí wọ́n kọ́ ilé gogoro síbẹ̀, dìde. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni owó àtúnṣe yóò ti wá?

Ibí yìí ni ọgbọ́n wà. Òfin fi òdiwọ̀n sí bí ilé ṣe lè tóbi tó lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilé ibùdókọ̀ yìí kúrú, kò lo ìpín tirẹ̀ tán. Ilé-iṣẹ́ JR East tó ni ín wá ta èyí tó ṣẹ́ kù fún àwọn tó ń kọ́lé ládùúgbò, àwọn yẹn sì fi í gbé ilé tiwọn ga sí i. Ká kúkú sọ pé òfúrufú orí ilé ni wọ́n tà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2012, àjà kẹta ti padà, òrùlé igbá méjèèjì ti padà, wọ́n sì ti tún ìpìlẹ̀ ṣe kí ìsẹ̀lẹ̀ má baà mì ín jù.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí: àbùlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ká gbàgbé pé àbùlẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ewu wà. Ká tó sì wí pé ilé àtijọ́ kò lérè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ní tí a kò tíì kà sí.