Ẹ jẹ́ ká mọ̀: ríra ẹ̀rọ CPAP àkọ́kọ́ fún ará Kuru

Bí ẹnìkejì yín bá ní èémí yín máa ń dá lójú oorun, ẹ ṣe àyẹ̀wò oorun ná kí ẹ tó náwó. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ló nílò ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ atẹ́gùn kí ọ̀nà èémí má bàa dí lójú oorun. Dókítà ló máa sọ ìwọ̀n agbára atẹ́gùn tó bá yín mu.

Tòkúnbọ̀ dínwó lóòótọ́. Àmọ́ ní oṣù Kẹfà 2021, ilé-iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè rún wọ inú atẹ́gùn téèyàn ń mí sínú. Bí àwọn òǹtajà bá gbé DreamStation àtijọ́, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ Philips yẹn, wá, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ fóòmù náà. Bí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ máa lọ.

Kuru ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,200, atẹ́gùn ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń ṣàtúnṣe ara rẹ̀ sí ibi gíga ni kí ẹ rà. Ọyẹ́ ibí yìí náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni: eruku á dí asẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀fun á gbẹ. Ike omi tó ń gbóná máa ń mú ọ̀fun tutù, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ bátìrì jù. Bí iná bá lọ tó jẹ́ pé bátìrì lẹ ń lò, ẹ pa ìgbóná rẹ̀.

Ìbòmú tó so mọ́ ẹ̀rọ náà ni kí ẹ má ṣahun lé lórí. Ẹ dùbúlẹ̀ wọ̀ ọ́ wò bóyá atẹ́gùn ń jò, pàápàá ẹ̀yin onírùngbọ̀n.