Ọkọ̀ Tí Yóò Gba Awakọ̀ Gíga
A kì í ti ìta mọ ọkọ̀ tí yóò gba ẹni gíga. Ọkọ̀ Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, kéré lójú, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fàyè sílẹ̀ fún orí. Nítorí náà, kí awakọ̀ gíga tí yóò máa ti Ìlá-Ọ̀ràngún lọ sí Òṣogbo tó sanwó, kí ó jókòó sínú ọkọ̀, kí ó ti àga sẹ́yìn, kí ó sì tẹ bíréèkì. Bí orúnkún bá há mọ́ sítíárìn, ẹsẹ̀ lè pẹ́ dé bíréèkì. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan a máa rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìrọ̀rùn awakọ̀, ààbò èrò ni.