LOL Dé Họ́láńdì, Ó Bá Olórúkọ Rẹ̀ Nílé

Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, L àti O àti L, ṣùgbọ́n ó ti rin ìrìn àjò ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kà á lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi fóònù rà tí ẹ sì ń fi í tà, ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé yín ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ lábẹ́ tábìlì, ẹ ti rí i rí. Gẹ̀ẹ́sì ni: laughing out loud, èyí ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ ń rẹ́rìn-ín sókè ketekete. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó gbà á wọlé láìyẹ ẹrù rẹ̀ wò. Ilẹ̀ kan wà ṣá, tí ó jẹ́ pé nígbà tí àlejò yìí kan ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn tí ń jẹ́ orúkọ kan náà ni ó dá a lóhùn láti inú ilé. Ilẹ̀ náà ni Họ́láńdì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a sì fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ orúkọ Họ́láńdì. Ìlú Helmond níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Vlisco wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1846, tí àǹkàrá rẹ̀ kì í ṣe ti olówó kékeré. Ṣùgbọ́n aṣọ wọn ni a mọ̀, a kò mọ èdè wọn. Èdè náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Dutch, ju 20 mílíọ̀nù ènìyàn lọ ni ó ń sọ ọ́, ní Họ́láńdì, ní apá àríwá Bẹ́ljíọ̀mù, àti ní Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìbátan Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ni.

Nínú èdè yìí, lol kì í ṣe ìgékúrú ohunkóhun. Odidi ọ̀rọ̀ ni, bí fàájì ti jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti fàájì náà. Bí ọmọ kan bá ti òde eré dé, tí ìyá rẹ̀ bi í bí ibẹ̀ ti rí, ó lè dáhùn pé òun ní veel lol, òun gbádùn gidigidi. Bí ẹnì kan bá ṣe nǹkan láìsí ìdí pàtàkì, wọn a ní voor de lol ni ó ṣe é, eré ni ó fi í ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá wá bàjẹ́, bí ìjà owó bá wọ àárín àwọn ọ̀rẹ́, wọn a ní de lol is eraf: adùn ti kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí kì í yé dápàárá, lolbroek ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe "ṣòkòtò fàájì" bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà. Bí ṣòkòtò ti ṣe dé inú ọ̀rọ̀ náà, ẹ bi àwọn ará Họ́láńdì fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Van Dale, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Inú àwọn olùkọ́ wa yóò dùn láti gbọ́ pé olùkọ́ ilé ìwé ni Johan Hendrik van Dale, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Sluis. Ó kú ní ọdún 1872 kí iṣẹ́ náà tó parí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Jan Manhave ni ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1874. Àwọn tí ń wá ìdí ọ̀rọ̀ so lol mọ́ lollen, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó dúró fún kíkùn hùn-ùn hùn-ùn lábẹ́ imú. Láti inú lollen yìí kan náà ni orúkọ Lollard ti jáde, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bú àwọn ọmọlẹ́yìn John Wycliffe ní ìparí ọ̀rúndún 14. Họ́láńdì ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì wá fi LOL ránṣẹ́ padà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá.

LOL ti Gẹ̀ẹ́sì kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ará Kánádà kan, Wayne Pearson, sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ kọ ọ́ ní ìlú Calgary láàárín ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí ọ̀rẹ́ òun kan tí àwọn jọ ń fi kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ pa òun lẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ. Ohun tí ó dájú ni pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1989, FidoNews, ìwé ìròyìn tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń fi ránṣẹ́ síra wọn, ti kà á mọ́ àwọn ìgékúrú tí wọ́n ń lò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá ti Oxford gbà á wọlé, wọ́n sì rí i pé lẹ́tà mẹ́ta yìí kan náà ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn láti ọdún 1960, fún ìyá arúgbó kékeré.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rò pé lots of love ni, ọ̀rọ̀ tí a fi ń parí lẹ́tà sí ẹni tí a fẹ́ràn. David Cameron, tí í ṣe olórí ìjọba wọn nígbà náà, wà lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Rebekah Brooks, tí ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn rí, jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Leveson ṣe alága rẹ̀, pé Cameron a máa fi LOL parí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ sí òun. Nígbà tí ó wá mọ̀ pé ẹ̀rín ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí onílé kò bá mọ ohun tí ó wà nínú yàrá rẹ̀, kí ni kí ògbufọ̀ ṣe?

Ògbufọ̀ tí ó fẹ́ túmọ̀ LOL sí èdè Họ́láńdì lè kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó túmọ̀ wọn. Hardop lachen ni yóò bọ́ sí, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó tẹ hardop lachen sórí fóònù nígbà tí ẹ̀rín bá ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì? Bí ó bá gé e kúrú sí HL, wọn yóò bi í léèrè ohun tí ó ń wí. Bí ó bá fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, tí ó kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré bí àwọn ọmọ ti ń kọ ọ́, òǹkàwé lè ka fàájì dípò ẹ̀rín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan, nítorí níbi tí fàájì bá wà, ẹ̀rín kì í jìnnà. Ìdí nìyí tí LOL fi yọ́ wọ Họ́láńdì wọ́ọ́rọ́wọ́. Àgbàlagbà lè rò pé lol àtijọ́ ni ọmọ òun kọ, ọmọ sì mọ̀ pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni òun kọ, àwọn méjèèjì á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Ohun tí ó jọ mí lójú ni pé àwọn ará Họ́láńdì kò ṣàìní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ti ara wọn. Wọ́n ní in rẹpẹtẹ! Èdè wọn ní gbólóhùn kan tí ó dà bí agbọ̀n ọjà: ẹ kọ́kọ́ sọ zich, ẹ fi ìyọnu tí ó bá wù yín sí àárín, kí ẹ wá fi lachen dé e lórí. Zich krom lachen, kí ènìyàn rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn yóò fi tẹ̀. Zich een bult lachen, títí iké yóò fi yọ. Zich een breuk lachen, títí ìpá yóò fi sọ ọ́. Zich rot lachen, títí yóò fi jẹrà. Zich kapot lachen, títí yóò fi fọ́. Zich een ongeluk lachen, títí jàǹbá yóò fi ṣe é. Ó tilẹ̀ tún ku zich een aap lachen, nínú èyí tí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín fi ẹ̀rín di ọ̀bọ. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n fi orúkọ ikọ́ fée àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ṣe, nítorí àìsàn ni wọ́n máa ń fi bú èébú níbẹ̀. A kò ní kọ ìwọ̀nyẹn síhìn-ín.

Ẹ tún gbọ́ ti slappe lach, ẹ̀rín tí ń mú kí ara rọ jọ̀bọ̀tọ̀, irú èyí tí ó máa ń mú àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì tí olùkọ́ kò fi mọ ẹni tí yóò nà. Ẹni tí ń fi ìnira rẹ́rìn-ín, wọn a ní ó ń rẹ́rìn-ín bí àgbẹ̀ tí eyín ń dùn. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí ìṣubú ẹlòmíràn ní ìkọ̀kọ̀ ń rẹ́rìn-ín sínú ìkúùkù rẹ̀ kékeré.

Pẹ̀lú irú ọrọ̀ báyìí nílé, ògbufọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ lé lẹ́tà, ìwúwo ẹ̀rín ni ó ń wọ̀n. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ROFL, pé àwọn ń yí nílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Yorùbá yóò ní ẹ̀rín àríntàkìtì, ó parí. Ará Họ́láńdì yóò ní ik lig in een deuk, òun dùbúlẹ̀ nínú ibi tí ó tẹ̀ wọnú, bí ara ọkọ̀ tí wọ́n kọlù. Kò sí yíyí nílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín náà sì pé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ní LMAO, tí ìdí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ará Họ́láńdì kò nílò ìdí ẹnikẹ́ni: ik lach me kapot ti tó.

Níbi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀ ni lulz. Àwọn oníjàgídíjàgan orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó yí LOL padà di èyí; bí wọ́n bá ba nǹkan onínǹkan jẹ́, wọn a ní for the lulz ni àwọn ṣe é. Voor de lol bá a mu régí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀lẹ ògbufọ̀ bá fi lulz sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lul ni ojú ará Họ́láńdì yóò kọ́kọ́ rí, lul sì ni orúkọ nǹkan ọkùnrin tí ọmọlúàbí kì í dá níwájú ìyá rẹ̀.

Èyí tí ó le jù ni LOL tí kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ rárá. John McWhorter, onímọ̀ èdè ní Yunifásítì Columbia, sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2013 pé lẹ́tà mẹ́ta náà ti di ohun tí a fi ń tu ọ̀rọ̀ lójú, láti fi hàn pé a jọ wà pọ̀ ni. Ẹni tí ó kọ "mo ṣì wà nílé lol" kò rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ kí ẹ bínú ni. Bí ògbufọ̀ bá fi ẹ̀rín túmọ̀ èyí, ó ti sọ ènìyàn rere di ẹlẹ́yà. Họ́láńdì ní ọ̀rọ̀ kékeré kan fún irú iṣẹ́ yìí: hoor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní tààrà ni "gbọ́," ṣùgbọ́n ìparí gbólóhùn ni ó máa ń jókòó sí, tí yóò máa rọ̀ ọ́. Geintje, hoor: àwàdà ni o. Bí "o" tiwa yìí gan-an ni, n kò sì mọ ohun tí ó sàn jù ú lọ fún irú LOL bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni gbogbo èyí. Ní ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, nítorí pé níbi tí ó ti ń bá ẹlòmíràn jiyàn eré orí kọ̀ǹpútà lórí Facebook, ó kọ ọ́ pé òun yóò yìnbọn pa àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Bàbá rẹ̀ ní lol ni ó kọ tẹ̀ lé e, àti jk, pé àwàdà ni. Oṣù mélòó kan ni ó lò ní àtìmọ́lé, owó béèlì rẹ̀ sì jẹ́ 500,000 dọ́là.

Ẹ wá rò ó pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́ ní Họ́láńdì, níbi tí òfin ti ní ìwé orúkọ àwọn ògbufọ̀ tí ó ti búra láti ọdún 2009. Kí ni yóò kọ? Bí ó bá kọ lol ní lẹ́tà kékeré, ó dà bí ẹni pé ọ̀daràn ń sọ pé fàájì ni ìpànìyàn jẹ́ fún òun. Bí ó bá kọ geintje hoor, ó ti gba iṣẹ́ adájọ́ ṣe, ó ti dá ẹni náà sílẹ̀. Ní tèmi, kí ó fi LOL sílẹ̀ ní lẹ́tà ńlá, kí ó sì kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ìwé, kí ẹni tí a ń sanwó fún láti dájọ́ dá a.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ Họ́láńdì kò fi ṣẹ̀dá ti ara wọn. Àwọn Faransé ní mdr, pé ẹ̀rín pa wọ́n kú. Àwọn ará Thailand ń kọ 555, nítorí pé "ha" ni wọ́n ń pe márùn-ún. Ọgbọ́n kò sì wọ́n àwọn ọmọ Họ́láńdì: w8 ni wọ́n ń kọ fún wacht, "dúró," nítorí acht ni ẹ̀jọ, suc6 ni wọ́n ń kọ fún succes, nítorí zes ni ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ wọn jù. Wọn kì í sábà fi ohùn tiwọn bo ohùn fíìmù òkèèrè, ìsàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n ń kọ ìtumọ̀ sí, nítorí náà láti kékeré ni etí ọmọ ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ìwádìí ní ọdún 2012, nínú 100 ará Họ́láńdì, 90 ni ó ní òun lè fi Gẹ̀ẹ́sì tàkúrọ̀sọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ èdè aládùúgbò tó bẹ́ẹ̀, kò ní ìdí láti wá ìgékúrú ẹ̀rín mìíràn, pàápàá nígbà tí ó ti ní lol nílé.

Láti ìgbà tí fóònù sì ti ní àwòrán ojú kékeré tí ń rẹ́rìn-ín tí omijé ń dà lójú rẹ̀, èyí tí àwọn ará Oxford fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2015, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ kọ lẹ́tà kankan mọ́. Àwọn ọmọ tiwa náà ní LWKMD, pé ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa àwọn kú. Ògbufọ̀ tí wọ́n bá gbé ìyẹn fún ní Amsterdam, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn ju ti LOL lọ: ik lach me dood ni yóò kọ, kò sì sí ará Họ́láńdì tí yóò béèrè ọjọ́ ìsìnkú.