Bí Oúnjẹ Ọlọ́lá Ilẹ̀ Rọ́ṣíà Ṣe Di Makaróní Alẹ́ Àwọn Mẹ̀kúnnù

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, nígbà tí abiyamọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó da ẹran màlúù lílọ̀ àti makaróní pọ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo, tí ó sì fi ọ̀rá wàrà kíkan kádìí rẹ̀, bí àwọn ọmọ yóò ti tètè jẹun ni ó ń rò, kò ro ibi tí oúnjẹ náà ti ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ilé ọlá ni ó ti jáde wá.

Àwọn Stroganov ni a fi orúkọ wọn pè é: ọmọ oníyọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ọmọ a-fi-iyọ̀-kọ́lé-ọlá, àwọn tí ó náwó sí ogun tí jagunjagun Yermak gbé lọ sí Síbéríà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní 1871, Elena Molokhovets kọ bí a ti ń sè é sínú ìwé ìdáná rẹ̀: ẹran màlúù rírọ̀ tí a gé kékeré, mọ́sítáàdì, omi ẹran, àti ọ̀rá wàrà kíkan díẹ̀. Kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀, kò sí olú, a kò sì gbúròó makaróní.

Nígbà tí ìjọba ọba ilẹ̀ Rọ́ṣíà dojú dé ní 1917, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, oúnjẹ wọn bá wọn dé òkèèrè. Ní Amẹ́ríkà, orí makaróní ẹlẹ́yin ni wọ́n ń bù ú sí; nígbà tí ilé iṣẹ́ Campbell sì gbé ọbẹ̀ olú inú agolo jáde ní 1934, àwọn ìyàwó ilé rí ọ̀nà àbùjá. Ṣùgbọ́n ẹran rírọ̀ wọ́n. Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: wọ́n yíjú sí ẹran lílọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ a máa sọ ibi líle lára màlúù di ohun tí ọmọdé lè jẹ. Ní 1971, tí owó ẹran ń gun òkè, ilé iṣẹ́ General Mills kó Hamburger Helper dé gbogbo Amẹ́ríkà: makaróní àti èròjà nínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò fi ẹran lílọ̀ tirẹ̀ kún. Ní oṣù kẹrin 1973, ọ̀wọ́n ẹran le débi pé àwọn ìyàwó ilé panu pọ̀, wọ́n kọ̀ láti ra ẹran fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹni tí yóò sè é láìsí páálí, kí ó tẹ́ ẹran náà sínú ìkòkò gbígbóná, kí ó má sì rò ó títí ìdí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Lẹ́yìn èyí ni àlùbọ́sà, olú àti mọ́sítáàdì yóò wọlé, kí omi ẹran àti makaróní gbígbẹ tó tẹ̀ lé wọn. Sítáàṣì ara makaróní ni yóò mú omi náà ki. Kí ó sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ó tó ro ọ̀rá wàrà mọ́ ọn, nítorí pé bí ó bá hó, yóò ṣù wóró-wóró.

Àwọn kan a máa fẹnu tẹ́ńbẹ́lú irú ìsè yìí pé kì í ṣe ojúlówó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ohun tí ó wà nílé ni alásè ọlọ́lá fi sè é, ohun tí ó wà nílé náà ni mẹ̀kúnnù ń fi sè é, níwọ̀n ìgbà tí ẹran màlúù àti ọ̀rá wàrà kíkan kò bá kúrò nínú ìkòkò, orúkọ Stroganov tọ́ sí i.