Dagrin ti Meiran: ọmọ Àlímọ̀ṣọ́ tó kọ rap bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ládùúgbò

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ Nissan Maxima kan lọ rọ́ lu tírélà tó dúró sójú títì nítòsí àgọ́ ọlọ́pàá Alákàrà ní Múṣin. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ náà ni Oladapo Olaitan Olaonipekun, tí gbogbo ìgboro mọ̀ sí Dagrin. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ibojì Àtàn ní Yábà ni wọ́n sin ín sí.

Ikú yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ ká máa sọ. Dagrin ló fi hàn wá pé ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ àdúgbò, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an ní ìbùdókọ̀, láìfọ̀, láìlọ̀, lè gbé odidi àwo orin rap ró, kó sì tà.

Meiran ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì fi ibẹ̀ pamọ́ rí. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́ l'Ékòó ni Meiran wà látilẹ̀. Ọdún 2003 tí ìjọba Èkó pín Àlímọ̀ṣọ́ sí mẹ́fà, tí Ìkòtún àti Ìgàndò di ọ̀kan, tí Ẹ̀gbẹ́ àti Ìdímù di òmíràn, ni Meiran bọ́ sọ́dọ̀ Agbado/Oke-Odo. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé 1,277,714 èèyàn ló ń gbé ní Àlímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé 2,047,026 làwọn kà. Èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ gbà. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ tó o l'Ékòó nínú ìṣirò méjèèjì. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀, àmọ́ àwọn tí owó ilé àárín ìlú ti kọjá agbára wọn ti kó wá bá wọn: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ọ̀yọ́, Ìgbò, gbogbo wọn lójúlé kan náà. Yorùbá tí ọmọ tó bá dàgbà síbẹ̀ máa sọ kì í ṣe ti inú ìwé. Ẹ̀ka-èdè oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, pídgìn wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé náà ò gbẹ́yìn. Èdè yẹn gan-an ni Dagrin fi kọ orin.

Rap fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí Èkó. Àdúgbò Bronx ní New York ló ti ṣẹ̀, níbi àríyá tí DJ Kool Herc àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1973. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ tó ń ṣe é ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é, wọ́n á tiẹ̀ máa fi imú sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà. Dagrin kọ́ ló kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Ẹgbẹ́ olórin The Remedies ti da Yorùbá pọ̀ mọ́ ọn kí ọdún 2000 tó dé, Lord of Ajasa sì ti ń fi Yorùbá ṣe rap kí Dagrin tó gbajúmọ̀; ká má gba oyè lórí ẹni ẹlẹ́ni. Àwo Dagrin àkọ́kọ́, Still on the Matter, jáde ní 2006, kò sì mi ìlú. C.E.O, ìyẹn Chief Executive Omota, tó jáde ní 2009 ló mì í. Sossick ló ṣe púpọ̀ nínú ìlù rẹ̀. Pon Pon Pon, Kondo, Thank God tó ṣe pẹ̀lú Omawumi: inú àwo yẹn ni gbogbo wọn wà. Obama ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Amẹ́ríkà nígbà náà, Dagrin náà sì ń pe ara rẹ̀ ní Barack O'Grin. Ojú ò tì í rárá.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń wọlé síni létí bẹ́ẹ̀? Ohùn wà nínú Yorùbá, bí ohùn bá sì yí, ìtumọ̀ á yí. Ẹni tó bá ti kọ orin ìsìn àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ bí orin òyìnbó ṣe ń fún ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn, débi pé èèyàn á máa kọrin tí kò yé òun náà. Rap kò ní irú wàhálà yẹn, nítorí kò so ọ̀rọ̀ mọ́ ohùn orin kan pàtó. Olórin lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dún bó ṣe ń dún lẹ́nu, bí oníjàálá, onírárà àti akéwì ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́. Wàhálà ibòmíì ló wà. Fáwẹ́lì ló ń parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, fáwẹ́lì ọ̀hún ò sì pọ̀, nítorí náà kò ṣòro kí ìparí gbólóhùn méjì bá ara wọn mu. Ọmọdé lè ṣe é. Ibi tí òǹkọ̀wé rere ti ń yàtọ̀ ni kí ohùn náà bá ara mu, kí àwàdà tàbí èébú dé lójijì, kí ìtàn má sì já. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Dagrin ti ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé gbọ́ níwájú àgbà. N kò ní tan òmíràn nínú wọn bí ìyá mi bá wà nílé.

C.E.O gba àmì-ẹ̀yẹ àwo rap tó dára jù ní Hip Hop World Awards ọdún 2010. Wọ́n ṣe fíìmù Ghetto Dreamz nípa ayé rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Orin rẹ̀ If I Die wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, wọ́n ní ó ti rí ikú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń gba títì Èkó lóru kò nílò ìran kó tó ronú kan ikú. Àwọn olórin rap Yorùbá mìíràn tẹ̀ lé e: Olamide gbé Eni Duro jáde ní 2010 yẹn náà, Reminisce gbé Book of Rap Stories jáde ní 2012, láti ìgbà náà sì ni kò ti sí ẹni tó tún ń béèrè bóyá rap Yorùbá lè pa owó.

Owó yìí ló mú ọ̀rọ̀ òfin wá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023 ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ orin tí èèyàn kọ, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní stúdíò. Ààbò wà lórí ọ̀rọ̀ orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Ìyẹn ni pé ààbò lórí ohùn inú C.E.O á parí nígbà tí ọdún 2059 bá parí, ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ tí Dagrin kọ wà títí di òpin 2080. Ẹni tó ni ọ̀kan lè má ni ìkejì, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gba orin sílẹ̀ ní yàrá kékeré ní Ìgàndò, Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí orin yín tó jáde, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló ṣe ìlù, èló ni ti oníkálukú. Kí gbogbo yín buwọ́ lù ú, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé.