Máàsítà Oníwàádìí Nínú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Iná: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Wọ̀ Ọ́

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kì í jẹ́ kí n sinmi lórí rẹ̀: "Prof, ṣé máàsítà oníwàádìí ni kí n ṣe, àbí èyí tí a ó kàn jókòó sí kíláàsì?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí fóònù títí, ó yá kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọdún méjì nínú ayé ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, owó tí ẹbí tu jọ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣi ọ̀nà mú, ìgbà tó bá ti rìn jìnnà ló máa ń tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, torí orúkọ máa ń tan ènìyàn. Ní Kánádà, ní àwọn yunifásítì bíi Toronto, Waterloo àti British Columbia, oríṣi méjì ló wà fún ẹlẹ́rọ iná. MASc ni ti oníwàádìí: kọ́ọ̀sì díẹ̀, àpilẹ̀kọ ìwádìí kan gbòógì, alábòójútó tó gbà láti bá ọ ṣiṣẹ́, àti owó ìrànwọ́ tó sábà máa ń bá a rìn. MEng ni ti kíláàsì: kọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló sì sábà máa ń sanwó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MSc tó wọ́pọ̀ kò ju ọdún kan lọ, oṣù díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Inú MRes àti MPhil ni ìwádìí ti gba àyè púpọ̀. Nílé wa níbí, M.Sc. máa ń pa kọ́ọ̀sì àti àpilẹ̀kọ pọ̀, àwọn yunifásítì kan sì ní M.Phil. tó jẹ́ afárá sí Ph.D. Nítorí náà, ẹ má wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn orúkọ. Ẹ béèrè pé: ìdá mélòó nínú rẹ̀ ni ìwádìí? Ta ni yóò sì bójú tó mi?

N kò sọ pé ti kíláàsì kò dára o. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tó kàn fẹ́ mú ìmọ̀ rẹ̀ bá ìgbà mu, ìyẹn gan-an ló bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo Ph.D., iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì tàbí iṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tuntun, kó lọ ṣe ti ìwádìí.

Kí wá ni ìwádìí gan-an? Ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ máàsítà kan ṣàlàyé. Ní 1936, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Claude Shannon, jáde ní Yunifásítì Michigan pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná àti ìmọ̀ ìṣirò, ó sì lọ sí MIT. Iṣẹ́ tó rí níbẹ̀ ni kó máa tọ́jú ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tí Vannevar Bush ṣe. Rìléè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń darí ẹ̀rọ náà. Rìléè kò ju ṣúìṣì lọ, àmọ́ iná ló ń tàn án tó sì ń pa á, kì í ṣe ìka ènìyàn. Láyé ìgbà yẹn, ìrírí àti "jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò" ni wọ́n sábà máa ń fi so wọ́n pọ̀.

Shannon ti kọ́ nípa ìṣirò òótọ́ àti irọ́ tí George Boole tẹ̀ jáde sínú ìwé ní 1854. Ó wá rí i pé ṣúìṣì tí a tàn àti èyí tí a pa dà bí òótọ́ àti irọ́. Bí ṣúìṣì méjì bá tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan, gílóòbù kò ní tàn àfi tí a bá tan èkínní àti èkejì. Bí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a tan èkínní tàbí èkejì ti tó. Ohun tó kọ sínú àpilẹ̀kọ máàsítà rẹ̀ ní 1937 nìyẹn, ọmọ ọdún 21 péré. Orí rẹ̀ ni ìmọ̀ sákíìtì kọ̀ǹpútà àti fóònù wa dúró lé títí dòní.

Ẹ wo ibi tí ìbéèrè rẹ̀ ti wá: inú ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń kàn lójoojúmọ́. Ẹ sì wo bí ó ṣe kàwé kọjá ẹ̀ka tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá, á ní, "Sà, mo fẹ́ ṣe ìwádìí lórí sólà àti ínfátà." Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè, orúkọ ọjà ni. Kó lọ wo tiransifọ́mà àdúgbò rẹ̀, èyí tó ń sọ 11 kV di 415 V. Tí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́jọ tó wá dé, gbogbo bátìrì àdúgbò ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná lẹ́ẹ̀kan náà. Púpọ̀ nínú ṣájà wọn kì í fa kọ́rẹ́ǹtì bí ìgbì 50 Hz tó ń lọ geere. Ńṣe ni wọ́n ń fà á ní jíjá-jíjá, ìyẹn sì ń bí ìgbì mìíràn, pàápàá ti 150 Hz. Kọ́rẹ́ǹtì 50 Hz orí phase mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n bá dọ́gba, máa ń pa ara wọn rẹ́ lórí wáyà neutral. Ti 150 Hz kì í pa ara rẹ̀ rẹ́, ńṣe ló ń gun orí ara wọn. Wáyà á gbóná.

Ìbéèrè wá dé: ilé mélòó ló lè máa gba iná sí bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà lórí tiransifọ́mà 500 kVA kan, kí neutral rẹ̀ tó gbóná ju bó ṣe yẹ? Èyí ṣeé wọ̀n, ó ṣeé fi kọ̀ǹpútà dán wò, ó sì ṣeé parí láàárín ọdún méjì.

Bí èsì bá ní kò séwu, èsì ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tún nọ́ńbà ṣe kí gíráàfù rẹ̀ lè rẹwà lè gba oyè o, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè fi nọ́ńbà yẹn yan wáyà fún àdúgbò kan lọ́jọ́ kan. Ilé onílé ló máa jó.

Ó ku alábòójútó, òun sì ṣe pàtàkì ju orúkọ yunifásítì lọ. Ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ogójì ọ̀jọ̀gbọ́n. A máa ń mọ̀ ọ́n láti ìlà àkọ́kọ́. Ẹ ka iṣẹ́ ẹni náà bíi méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sọ ní ṣókí ohun tí ẹ rí níbẹ̀ àti ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè: ọ̀sẹ̀ mélòó ló fi ń ka ohun tí ẹ bá kọ? Ọdún mélòó lẹ fi parí? Ṣé irinṣẹ́ wà, àbí a ó máa lọ tọrọ rẹ̀ káàkiri? Bó bá sì ṣèlérí owó, kó wà nínú ìwé.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù èyíkéyìí, ẹ kọ ìbéèrè yín ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí kò bá tíì gba inú gbólóhùn kan, ẹ ṣì máa kàwé lọ ná. Bó bá ti gbà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bírò pupa mi kò tíì fẹ̀yìn tì.